Bàbá Tí Mo Fẹnu Rán Lọ sí Ìsẹ́yìn

Ọjọ́rú kan wà tó jẹ́ pé tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, bí mo bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, mo máa ń dáwọ́ dúró kí n bú ara mi díẹ̀ ná. Onitsha ni à ń gbé. Aṣọ ni ọkọ mi ń tà ní ọjà Ochanja, nínú ìsọ̀ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ọ̀dọ̀ wa ni bàbá náà ń gbé. Bàbá Alhaji ni mo ń pè wọ́n, torí ìyàwó ilé tó gbẹ̀kọ́ kì í dá orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, mo sì gbẹ̀kọ́ gan-an nígbà náà.

Ó ti tó ọdún kan tí Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní a ò fún àwọn lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan mo ṣí fíríìjì, mo bá bàtà wọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní GRA. Dókítà ní kì í ṣe pé ẹnì kan ń ṣe wọ́n, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ogbó lásán, àìsàn ìgbàgbé ni, ọpọlọ ló ń mú. Ó ní ká má máa bá wọn jiyàn. Ó ní ká kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wa sórí páálí kékeré, ká fi sápò wọn, ká sì sọ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n lè bá wa ṣọ́ wọn. Mo ń mi orí bí aláǹgbá. Nígbà tí a délé, mi ò ṣe ọ̀kankan.

Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé orí bàbá ọkọ mi ti dàrú. Mo bá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé Bàbá ti relé, wọ́n lọ sinmi ní Ìsẹ́yìn. Yàrá ẹ̀yìn ni Ìsẹ́yìn tí mò ń wí wà. Màmá Ifeanyi, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Onitsha, ò yé béèrè wọn, torí Bàbá gbọ́ Ìgbò dáadáa, wọ́n sì máa ń bá a ṣàwàdà. Kí irọ́ mi lè dúró, mo ra èlùbọ́ ní Ochanja, mo gbé e fún un, mo ní Bàbá ló fi ránṣẹ́ láti ilé. Ó gbàdúrà fún wọn títí. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́rú tí mò ń wí yìí, ọkọ mi lọ ra ọjà l'Ékòó. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi kó tó lọ ni, "Má jẹ́ kí ojú ẹ kúrò lára Bàbá o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tó yá láàárọ̀, Bàbá wọṣọ, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣí ìsọ̀.

"Bàbá, ẹ ò tajà mọ́. Ó ti pẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ bá mi pe ìyá wọn wá."

Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń wí. "Bàbá, Ìyá ti kú," mo ní. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa sọ ọ́ fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Bàbá jókòó, wọ́n sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, torí ní tiwọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Èmi olóòótọ́, tí mo fi èlùbọ́ purọ́, mo wọ ilé ìdáná lọ po ọ̀gì fún wọn. Nígbà tí mo fi máa jáde, àga wà níbẹ̀, Bàbá ò sí. Géètì ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ro títì, mo ro odò, mo ro ọkọ̀ tó ń lọ sí Odekpe tí wọ́n lè bọ́ sínú rẹ̀ kó lọ já wọn sétí omi. Mo sáré kan ilẹ̀kùn Màmá Ifeanyi.

"Abeg, you see Baba?"

"Baba wey travel?"

Mo wolẹ̀.

"The one wey send me yam flour?"

"Na him. He no travel."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wọ bàtà, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní ká máa lọ. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Bó ṣe rí jákèjádò àdúgbò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Bàbá wà nílé, débi tó máa mọ̀ pé wọ́n jáde. Oníkẹ̀kẹ́ kan tilẹ̀ kí mi kú oríire pé wọ́n ti tìrìn àjò dé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan. A dé ìsọ̀, ìsọ̀ wà ní títì, a ò bá wọn níbẹ̀. A bá kọjú sí mọ́sálásí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán.

Lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin ni lèmọ́mù ti dá mi lóhùn. Àlejò ni lèmọ́mù náà, kò tíì pẹ́ tó dé Onitsha. Mo ní Bàbá Alhaji ló sọnù.

"Àǹtí, Alhaji pọ̀ níbí. Kí lorúkọ wọn?"

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí n tó sọ pé, "Sùlèmánù." Lèmọ́mù kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé Alhaji Sùlèmánù aláṣọ sọnù, wọ́n wọ búbá funfun, wọ́n dé fìlà aláwọ̀ ewé. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ síta láti wá wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ojú Bàbá, nítorí pé ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi gbé wọn pamọ́.

Èmi àti Màmá Ifeanyi ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń pàṣẹ níwájú. "Ẹ pín ara yín. Kí àwọn kan gba ọ̀nà etí odò. Irú ọmọ wo ló ń jẹ́ kí bàbá ẹ̀ sọnù?" Mo mọ ohùn yẹn. Mo gba àárín èrò kọjá dé iwájú. Fìlà aláwọ̀ ewé ni mo kọ́kọ́ rí. Bàbá Alhaji ló ṣáájú gbogbo wọn, wọ́n ń wá Bàbá Alhaji. Mọ́sálásí ni wọ́n ti gbọ́ ìkéde, ni wọ́n bá dìde tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́.

Inú mi dùn, inú bí mi, ẹ̀rín sì tún ń pa mí. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an là ń wá."

"Èmi?" Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. "Alhaji ni wọ́n pè. Èmi ò tíì dé Mẹ́kà. Ìyàwó, dìde jàre, èèyàn sọnù."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ iyàn. Mo di ọwọ́ wọn mú, wọ́n já a gbà, wọ́n kọjú sí títì tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò mí bíi pé èmi ni mo ní àìsàn. Màmá Ifeanyi fà mí sẹ́yìn. "No drag am," ó ní. "Follow am find the man." Ó bọ́ síwájú Bàbá, ó kí wọn ní Ìgbò, ó ní ó lè jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń wá ti padà sílé, kí wọ́n jọ lọ wò ó. Bàbá ronú díẹ̀. "Ọ dị mma," wọ́n ní, pé ó dára, wọ́n sì yí padà.

Ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni Bàbá ń béèrè Bàbá títí a fi délé. Èmi náà ń béèrè tẹ̀ lé wọn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n mu ọ̀gì tó ti tutù, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti rí bàbá yẹn?"

Ó kù díẹ̀ kí n tún ṣàlàyé. Mo gbé e mì. "Wọ́n ti rí wọn, Bàbá. Wọ́n ti délé."

"Alhamudulilahi." Wọ́n gbé ife sílẹ̀. "Sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀ kí wọ́n má bá a wí o. Ẹ̀rù á ti bà á."

Mo padà sí ilé ìdáná, mo lọ sunkún níbẹ̀.

Àwọn tó yẹ kí n sọ òótọ́ fún ni mò ń purọ́ fún, ẹni tí òótọ́ ò ṣe láǹfààní ni mò ń fi òótọ́ nà lójoojúmọ́. Páálí ti wà lápò Bàbá báyìí, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀. Tí wọ́n bá jáde, àwọn ọmọ ìsọ̀ ló ń bá mi mú wọn wálé. Tí wọ́n bá béèrè Ìyá, mo máa ń ní kí wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe fẹ́ Ìyá sílé. Mo ti gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè sọ ọ́ ju Bàbá lọ, àmọ́ ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọn kì í sunkún mọ́.

Màmá Ifeanyi nìkan ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé èlùbọ́ fún un, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo rà á, ní Ochanja níbí. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ti Ìsẹ́yìn ọjọ́sí dùn jù ú lọ.