Akọ̀wé, Ajá Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ilé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ ajá bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

Ajá sì ti ilẹ̀kùn o. Ó tì í gan-an ni!

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kí ẹ̀rín má baà pa mí kí n tó débẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, aago ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n àlàyé gan-an niṣẹ́ rẹ̀. Alálàyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkùnrin tó lè ṣàlàyé omi fún ẹja! Bí èèyàn bá ń sunkún níwájú rẹ̀, á ní báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń sunkún. Àlàyé náà ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Oníṣẹ́ iná wá pààrọ̀ gílóòbù nílé wọn, ọmọ ọlọ́mọ ti gun àpótí, ó ti ń yí i lọ́wọ́. Alálàyé ní kó sọ̀ kalẹ̀, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yí i. Òun fúnra rẹ̀ gun àpótí.

Gbìì!

Wọ́n di sìmẹ́ńtì funfun mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún, wọ́n fún un ní ọ̀pá méjì, wọ́n ní ó di oṣù méjì kó tó tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Gílóòbù ọ̀hún ò sì tàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì ni. Tó bá ti jáde nílé, ó di ìgbà tó bá dé. Ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ ò lè dá nìkan wà nílé báyìí. Màmá mi á wá bá wa gbé títí ẹsẹ̀ yín á fi san."

Ẹ wo ojú Alálàyé! Ojú ẹni tí wọ́n ní gbogbo eyín rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ lójú ẹsẹ̀.

Màmá wa, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá wo bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá náà á ti máa ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé níwájú wọn, kó tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fún un, "Ẹ jọ̀ọ́" àti "mà."

"Kò sí wàhálà," Alálàyé dáhùn kíá. "Ajá ni màá gbà síṣẹ́."

"Ajá kẹ̀?"

"Mo rí i lórí fóònù. Ajá tó ń ran ẹni tí ara rẹ̀ ò dá lọ́wọ́. Á mú bàtà wá, á ṣí fíríìjì, á ti ilẹ̀kùn. Kò sì ní ní kí n jókòó dáadáa."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ nípa kíkọ́ ajá."

"Ta ni? Kí ló fẹ́ kọ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ṣàdéhùn. Tó bá di Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá á wá wò ó. Tí ajá bá ṣe iṣẹ́ mẹ́ta péré, Màmá á padà sílé wọn. Tí kò bá ṣe é, Màmá á tú ẹrù.

Ọ̀rẹ́ Alálàyé kan tó ń kó kúrò nílé ló fún un lájá, ajá pupa ńlá kan tí ìrù rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀ àtijọ́. Alálàyé sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó ní ọpọlọ ló máa fi ṣiṣẹ́.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, ojú mi ló ṣe. Lọ́jọ́ kìíní, mo bá a lórí àga, ẹran gígé kún àpò rẹ̀.

"Akọ̀wé! Mú bàtà wá!"

Akọ̀wé ń wo àpò.

"Bàtà! Ohun tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ là ń pè ní bàtà. Ọ̀kan ò tó, méjì ni wọ́n máa ń jẹ́. Ṣé ó yé ọ?"

Akọ̀wé yán.

Alálàyé ju bàtà síwájú kó lè yé e. Ajá wo bàtà, ó wo ẹran, ó jókòó. Ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá dìde, ó ń ta pọ́ún pọ́ún lórí ẹsẹ̀ kan, ó lọ mú bàtà, ó tún jù ú. Ó tún ta pọ́ún pọ́ún lọ mú un. Ìgbà mẹ́rìnlá! Mo kà á. Ajá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wò ó bí ọ̀gá tó ń wo ọmọ iṣẹ́ tuntun.

"Bọ̀ọ̀dá," mo ní, "ta ló ń kọ́ ta báyìí?"

"Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ yìí jìn, kò lè yé ẹ. Mò ń la ọ̀nà fún un ni."

"Ọ̀nà ti là. Ajá ti rí ẹni tí á máa mú bàtà wá fún un."

Ti fíríìjì ló yá kánkán. Ó so táwẹ̀lì mọ́ ọn, ó fi ẹran pa táwẹ̀lì lára. Akọ̀wé fà á, fíríìjì ṣí, ó ti orí bọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ẹ̀kọ́ tí ẹran bá wà nínú rẹ̀, ajá wo ni ò ní yege? Ti ilẹ̀kùn náà, Alálàyé á fi ọwọ́ tí ẹran wà gbá ilẹ̀kùn láti inú, Akọ̀wé á fò mọ́ ọn, gbàgà! Ilẹ̀kùn á tì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi á wá máa patẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Sátidé pé.

Màmá dé pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Wọ́n jókòó, ẹ̀yìn wọn gún ṣánṣán. Alálàyé ti wọ táì. Táì! Ẹni tí wọ́n la ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan sí méjì nítorí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ nípa ìtàn ajá—"

"Àna mi, ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Akọ̀wé! Bàtà!"

Akọ̀wé ń fi ẹsẹ̀ ha ikùn.

"Ó ń ronú ni, mà."

"Ara ló ń yún un."

Ni ajá bá dìde. Ó rìn kọjá lára bàtà, ó ti imú bọ inú báàgì Màmá, ó fà, ó fà, ó fa yẹ̀rì funfun kan jáde, ó sì wọ́ ọ lọ bá Alálàyé.

"Ẹ ò rí i!" Alálàyé pariwo. "Ó mú nǹkan wá!"

"Yẹ̀rì mi ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gbé e wá!"

Mo sáré wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà, Akọ̀wé ti fa táwẹ̀lì, fíríìjì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi ni wọ́n rán an. Odindi adìẹ tí ẹ̀gbọ́n mi yan de Màmá ló gbé jáde.

"Ó ṣí i! Ṣé ó ṣí i àbí kò ṣí i?" Òógùn ti ń ṣàn lójú Alálàyé. "Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta. Iṣẹ́ kẹta ló lágbára jù. Ẹ máa bọ̀, gbogbo yín!"

Gbogbo wa bọ́ síta, Màmá, ẹ̀gbọ́n mi, èmi. Alálàyé fi ọ̀pá rìn jáde gbẹ̀yìn, ó na ọwọ́ padà sínú, ó fi ẹran gbá ilẹ̀kùn.

"Akọ̀wé! Tì í!"

GBÀGÀ!

Díẹ̀ ló kù kí ìka rẹ̀ bá a lọ.

"Ó tì í!" Ó ń fò sókè lórí ẹsẹ̀ kan. "Màmá, ẹ rí i! Ó tì í!"

Ẹ̀gbọ́n mi di ilẹ̀kùn mú, ó fi èjìká tì í, kò ṣí. "Dádì, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Alálàyé ti ọwọ́ bọ àpò, ẹran nìkan ló bá níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé. Ilẹ̀kùn yẹn sì rèé, tó bá ti tì, ó tì nìyẹn. Ti ẹ̀yìnkùlé wà ní títì. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé.

"Aago méjì ni mo gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́!" Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ sunkún. "Aṣọ iṣẹ́ mi wà nínú ilé, fóònù mi wà nínú ilé!"

A sáré lọ sójú fèrèsé. Kí la rí? Akọ̀wé nà gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń run egungun adìẹ kẹ̀ù kẹ̀ù.

Alálàyé gbé ẹnu mọ́ irin. "Akọ̀wé! Fetí sílẹ̀! Irin kékeré kan wà lórí ilẹ̀kùn. Dìde, fi ẹsẹ̀ òsì fà á. Òsì! Kì í ṣe òsì tìẹ, òsì tèmi!"

"Àna mi," Màmá bi í jẹ́jẹ́, "ajá lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?"

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Ẹnì kan gbé àga jáde kó lè rí i dáadáa. Alálàyé ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ó bẹ ajá, ó bú ajá, ó ṣèlérí màlúù fún ajá. Akọ̀wé parí adìẹ, ó gbé orí lé ẹsẹ̀, ó sùn.

Èmi ni mo sáré lọ pe káfíńtà. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọ òòlù àti irin, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Gbà! Gbà! Gbà! Gbogbo ilé ń mì tìtì. Ìró ọ̀hún ń dún wọ eyín lọ. Níkẹyìn, irin tó ti ilẹ̀kùn pa já, ilẹ̀kùn ṣí, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbàràgàdà! Bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré sí orí ajá ló balẹ̀ sí.

Akọ̀wé ò mira. Ó ń hanrun.

Ẹ̀gbọ́n mi fò ó kọjá, ó lọ wá aṣọ iṣẹ́. Káfíńtà tẹjú mọ́ ajá. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú ìdérí ìkòkò méjì, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Jàn-án! Jàn-án! Jàn-án!

Àwọn tó wà lójú títì di etí. Ajá yí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ọ̀gá," káfíńtà wí, "ajá yín yìí ò gbọ́ràn."

"Á gbọ́ràn," Alálàyé dá a lóhùn. "Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ń wọ̀—"

"Mi ò ní aláìgbọràn ni. Mo ní adití ni. Kò gbọ́ ohunkóhun rí."

Ẹni tó gbé àga jáde dìde dúró.

Màmá yọ awò ojú wọn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Alálàyé la ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Látìgbà tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó wá ọ̀rọ̀ tì. Ó fi ọ̀pá rìn lọ bá ajá, ó rọra dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, táì rẹ̀ wọ inú òróró adìẹ. Ó gbé etí ajá sókè, ó fi ẹnu kàn án.

"Akọ̀wé, sọ òótọ́ fún mi," ó ní. "Ṣé lóòótọ́ ni pé o kì í gbọ́ nǹkan?"

Ó wá dákẹ́, ó ń retí èsì.