Ẹ̀yìn Tó Gbé Irin ní Ọjọ́bọ̀

Kí ẹ tó dìde lórí àga yín, ta ni nínú yín ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n máa ń pa pé, ẹ̀yìn tó gbé irin ní Ọjọ́bọ̀ kì í gbé àna ní ọjọ́ Ẹtì? Ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń pa á kiri kò gbé irin rí, àwọn tó sì ń gbé irin nínú yín, àna wọn kì í fẹ́ rí wọn sójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òkú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ rọra máa fi eyín síta.

Ọkùnrin kan wà ní Odò-Ọ̀mu tó ń jẹ́ Ọláníyọnu, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tó fi ń tọ́ka sí pátákó, ikùn rẹ̀ nìkan ló gbọ́ pé wọ́n ti fi ọkùnrin náà jọ̀gá. Lẹ́yìn Ọlọ́run, ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀rù ni tàímútébù. Bí tàímútébù bá ti ní ìṣirò ló kàn, kí òrùlé ilé ìwé máa jó, ìṣirò ni wọn yóò ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, máa ń sọ pé bí ikú bá fẹ́ mú ọkọ òun, àfi kó kọ́kọ́ wo ara ògiri bóyá àyè ṣófo.

Bàbá Ìbíyẹmí ni wọ́n ń pè ní Bàbá Fátókùn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá bàbá yìí láyé, ẹ pàdánù. Aláàárù ni níbi tí wọ́n ti ń kó kòkó. Àpò méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ní èjìká ọ̀tún, ọ̀kan ní ti òsì, á sì tún máa súfèé. Bó bá jókòó, àga á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Lọ́jọ́ tí Ọláníyọnu kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ rẹ̀, bàbá yìí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ tútù rèé. Ta ló ṣí ewé lára rẹ̀?"

Ogún ọdún ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí ní agboolé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá darúgbó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú tán, ta ló kù tó ń bá a ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi? Ẹ̀kọ tútù náà ni. Wọ́n á ta á, wọ́n á rẹ́ ara wọn jẹ, Bàbá á sì máa pariwo pé, "Òpè! Tíṣà òpè!" títí àwọn ará ilé kejì yóò fi gbọ́. Bàbá tó bí Ọláníyọnu gan-an ti kú kó tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Kò ní bàbá mìíràn ju òmìrán tó ń pè é ní òpè yìí lọ.

Àṣà kan wà ní Odò-Ọ̀mu. Ọkọ àwọn ọmọ ló ń gbé òkú àna wọn lọ sí ibojì. Wọn kì í háyà àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláṣọ dúdú tó ń fi pósí jó kiri. Ẹni tó fẹ́ àgbà ọmọ ló sì ń gbé ìhà orí. Bàbá Fátókùn bí obìnrin mẹ́fà, Ìbíyẹmí ni àgbà wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, Bàbá gbé ọwọ́ kúrò nínú ọpọ́n ayò. "Tíṣà, ìwọ lo máa gbé orí mi."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣì wà láyé."

"Mo mọ̀ pé mo wà láyé, ṣebí èmi ni mo ń nà ọ́ yìí. Mo ní ìwọ lo máa gbé e. Kì í ṣe Làmídì o. Làmídì á fi mí ṣe fáàrí. Ṣé wàá lè gbé mi?"

Ọláníyọnu wo èjìká tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.  "Màá gbé yín, Bàbá."

"Má jẹ́ kí orí mi kanlẹ̀."

"Kò ní kanlẹ̀."

Làmídì tí Bàbá dárúkọ yìí, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni, òun ló fẹ́ àbúrò Ìbíyẹmí. Àyà rẹ̀ rí bí ẹnubodè, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju àyà rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Bàbá wí, ńṣe ló di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, òkú Bàbá kì í ṣe ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń há sábíyá o! Àbí ẹ fẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó, kẹ́ ẹ rọra nù ún dé ibojì?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọláníyọnu. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbọ̀nà ilé irin Tìámíyù lọ. Ẹ mọ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà kan ni, wọ́n da símẹ́ǹtì sínú gálọ̀nù ọ̀dà, wọ́n fi irin gígùn gún un, ó parí. Tìámíyù fúnra rẹ̀ kò lọ́rùn mọ́. Orí rẹ̀ kàn bá èjìká gbé ni. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ tàímútébù fún Ọláníyọnu: ọjọ́ Ajé, gbé irin sí èjìká, jókòó, dìde, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti irin sókè orí, Ọjọ́bọ̀, gbé irin nílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń gbé nílẹ̀ o, ọ̀gá," ni Tìámíyù wí. "Òun ni bàbá gbogbo wọn. Ẹ fa irin mọ́ ojúgun, ẹ gbé àyà sókè, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e tán, ọjọ́ méjì gbáko, ẹ̀yìn yín ò sí nílé nìyẹn. Ẹ má rán an níṣẹ́ kankan."

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Ọláníyọnu fa irin. Irin kò mira. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn jáde lára ọ̀gá ilé ìwé, tó mú kí gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ máa wo ewé máńgòrò bí ẹni pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Kò bínú. Ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kejì. Oṣù méje ló fi gbé e, kò pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ, títí tó fi ń gbé ọgọ́rùn-ún kílò. Apá rẹ̀ yọ. Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọkọ mi pẹ̀lú ohùn mìíràn.

Ohun tó bà á jẹ́ rèé. Tìámíyù kọ ọ́ sí tàímútébù pé ọjọ́ Ìsinmi, kó sinmi. Tíṣà tó bá sì rí "sinmi" nínú tàímútébù, oorun ló túmọ̀ sí. Bàbá á ránṣẹ́ pé, "Ẹ sọ fún Tíṣà pé mo ti to ayò o." Tíṣà á fèsì pé, "Ẹ sọ fún Bàbá pé mò ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n rán mi." Bó bá tilẹ̀ yà níbẹ̀ bó bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí i, Bàbá á dáhùn lábẹ́ kúbùsù, Tíṣà á sì máa lọ. Tàímútébù ń dúró dè é.

Bàbá Fátókùn kú ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Wọ́n fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì.

Tìámíyù wá bá wọn kẹ́dùn. "Ẹ kú àrafẹ́rakù, ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má wá ní Ọjọ́bọ̀ o."

"Ọjọ́bọ̀ ló wà nínú tàímútébù."

"Ṣebí èmi ni mo kọ ọ́!"

"O kọ ọ́, Tìámíyù, ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ̀ lé e. Láti oṣù méje, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Ṣé ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Tìámíyù ti ilẹ̀kùn ọgbà pa ní Ọjọ́bọ̀. Ọláníyọnu rí irin àlòkù kan lẹ́yìn ọgbà, ó so gálọ̀nù kún gálọ̀nù sí i. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, òun ló ń ṣètò àga, òun ló ń gba àlejò, kò sí ẹni tó jẹ́ kó sunkún. Ìdí irin yìí ló ti ráyè sun ún. Ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹwàá bó ti yẹ. Ó ní, "Èyí tó kù, ti Bàbá ni." Ó tún gbé e lẹ́ẹ̀mẹwàá mìíràn, omijé ń ṣàn, irin ń dún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìbíyẹmí ló bá a wọ bàtà.

"Ọkọ mi, kí ló dé tí ẹ ń rìn bí pákó?"

"Ó kàn le díẹ̀ ni. Á rọ̀."

Wọ́n dé ibi tí wọ́n gbé pósí sí níwájú ilé. Ọkọ àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò yí i ká. Ọláníyọnu dúró ní ìhà orí, gbogbo Odò-Ọ̀mu ń wò ó. Pásítọ̀ ní, "Ẹ gbé e." Ọláníyọnu gbé àyà sókè bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó tẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan kan dún kẹ̀kẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan pósí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó yá," ni Làmídì wí.

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní mò ń bọ̀, Làmídì! Ẹ máa lọ."

Làmídì kúrò ní ipò rẹ̀, ó di ìhà orí mú, wọ́n gbé e, ẹsẹ̀ òkú ló ṣáájú, wọ́n ń lọ. Ọláníyọnu tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bó ṣe tẹ̀, ó ká bí igbá tó dojú bolẹ̀. Kò lè rí pósí. Kò lè rí ojú ẹnikẹ́ni. Bàtà nìkan ló ń rí. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, bàtà Làmídì ló sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ti ṣàkíyèsí ohun kan tó gún un lọ́kàn: bàtà Làmídì kò rì. Ẹni tó gbé òmìrán kì í fi ẹsẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ rìn lórí ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kù. Ó rí Ọláníyọnu, ó ké pé, "Ẹ wá wo àna! Ẹ wo bó ṣe tẹríba fún òkú àna rẹ̀! Wọn ò bí irú èyí mọ́!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Àwọn ọkọ ọmọ tó gbé pósí gbọ́ ọ. Ẹ mọ ọkùnrin níwájú ìdílé ìyàwó rẹ̀. Ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀. Èkejì rí i, ó tẹ̀ jù ú lọ. Làmídì tí kì í gbà kí wọ́n yọ òun sílẹ̀, ó tẹ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ilẹ̀. Pásítọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rò pé òun ti gbàgbé nǹkan kan nínú ètò ìsìn, òun náà tẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin tẹ̀, orin ń jáde bí ẹni pé láti inú kànga. Kò sí ẹnìkan tó nàró mọ́ ní gbogbo Odò-Ọ̀mu, àfi ewúrẹ́, tó dúró tó ń wò wọ́n.

Pósí náà ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibojì, Làmídì tẹ agbádá ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Orí Bàbá ń bọ̀ nílẹ̀.

Ọláníyọnu wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Pósí bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ku ìka kan kó kanlẹ̀.

"Ẹ káre, Ẹ̀gbọ́n!" ni Làmídì kígbe. "Ẹ gbé e sókè!"

Ó wá ku kó dìde nìkan. Ojúgun rẹ̀ wà níbi tó yẹ, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dáhùn. Ohun tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò wúwo ju bẹ́ńṣì ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ.

"Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ fúyẹ́ jù. Ìgbà wo lẹ fúyẹ́ tó báyìí?"

Ìyá Àgbà, opó Bàbá, sún mọ́ ọn. Ogbó ti tẹ ìyá yìí tipẹ́, nítorí náà ojú tirẹ̀ nìkan ni ọkùnrin yìí rí lọ́jọ́ náà.

"Tíṣà, kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ni, Màmá. Mo fi gbé irin lánàá."

"Kí lo fẹ́ fi irin ṣe?"

"Kí n lè gbé Bàbá."

Ìyá Àgbà gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi dá a gbé lọ sí balùwẹ̀," ló wí. "Èmi, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí o rí yìí. Àìsàn ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ohun tó wúwo lára rẹ̀ mọ́, àfi ìbéèrè kan tó ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, pé Tíṣà dà?"

Ọláníyọnu rọ̀ mọ́ pósí náà. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí pósí. Ìyá Àgbà wò ó, ó wo Làmídì tó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó wo pásítọ̀ tó ṣì tẹ̀ sílẹ̀ tí kò mọ ìdí. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì sunkún. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di ẹkún. Inú ẹkún yẹn ló ti sọ̀rọ̀, gbogbo wọn gbọ́: "Ẹ̀yìn tó gbé irin ní Ọjọ́bọ̀! Kì í mà gbé àna ní ọjọ́ Ẹtì o!"

Làmídì kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ọwọ́ bọ abẹ́ pósí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú un. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀." Ó sì pẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí Ọláníyọnu tó nàró. Àwọn ará Odò-Ọ̀mu ò mọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ sí i létí, àfi èyí tó fi ẹkún ké jáde, òun ni wọ́n sì gbé sẹ́nu títí dòní. Bí ẹ bá dé ilé irin Tìámíyù ní Ọjọ́bọ̀, kò ní bi yín léèrè kílò tí ẹ lè gbé. Á fi ọwọ́ lé irin, á wò yín láti òkè dé ilẹ̀ pẹ̀lú ọrùn tí kò ní, á ní, "Àna yín ńkọ́? Ṣé wọ́n jí ire?" Bí ẹ bá ní ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan nǹkan. Á lé yín lọ sílé àna yín pẹ̀lú èébú, nítorí ó ṣojú rẹ̀ kòrókòró: ẹ̀yìn tó gbé irin ní Ọjọ́bọ̀ kì í gbé àna ní ọjọ́ Ẹtì.