Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ àti Àwọn Ìgò Aláìlámì

Ẹ jókòó dáadáa. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu yín mì, nítorí n kò fẹ́ kí ó há ẹnikẹ́ni lọ́fun kí wọ́n wá fi ẹjọ́ mi sùn.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí a ń pè ní Bàbá Mo-Ti-Mọ̀. Èèyàn burúkú kọ́ o. Kì í jalè, kì í mutí, kì í na ìyàwó. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ó ti mọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ ni èmi, ṣọ́ọ̀bù mi fara ti ògiri ilé rẹ̀. Ó máa ń wá jókòó lórí àga mi, á sì máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé irun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí rẹ̀ ti pá!

“Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n,” ni ó máa ń wí, “ọlọ́gbọ́n ni kó máa lò ó. Tèmi tó mi.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa wàásù lórí ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní ilé tó ń gbin ohun tó ń jẹ, tó ń tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù, tó sì ń dúpẹ́ lórí ìwọ̀nba tó ní, àlàáfíà kì í wọ́n níbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn tí ìjọ fẹ́ fi dáko, òun sì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí rẹ̀, tí yóò máa kọ́ àwọn ìdílé bí a ṣe ń gbin nǹkan àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí kò fi ní bàjẹ́.

“Mo ti mọ̀!” Ohùn kan dún láti ìjókòó iwájú. Ìwàásù kò tíì parí o. Níbi tí àwọn yòókù ti ń ṣe àmín, mo-ti-mọ̀ ni tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, oyè olórí yìí ni Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ ń lá lálàá lójoojúmọ́. Kò tún fẹ́ ohun mìíràn láyé mọ́. Pásítọ̀ sì ti ní òun yóò wá sí ilé ẹni tó bá fẹ́ ẹ, òun yóò jẹun níbẹ̀, ẹnu ara òun ni òun yóò fi dájọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni Bàbá ta fìríìjì.

“Fìríìjì ni ọ̀tá ìgbàgbọ́,” ó là á mọ́lẹ̀ fún mi. “Ẹni tó bá ní fìríìjì, ṣé ó tún ń wo ojú Ọlọ́run? Iná mànàmáná ló ń wò!”

Oòrùn kò tíì dé àárín orí tó fi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. “Onígbàjámọ̀, ṣé omi tútù wà?”

“Ó wà nínú ọ̀tá ìgbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn yín yẹn,” mo dá a lóhùn. “Ẹ ṣí i.”

Ó mu ife kan, ó tún bu òmíràn. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀tá náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ oko wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Télọ̀ la ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá rán aṣọ tán, á ki ọkọ́ mọ́lẹ̀. Òun ló kọ ebè, òun ló gbin tòmátì, ata, ilá àti ẹ̀wà, òun náà ló ń pọnmi sí wọn. Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ ń kó ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe lánàá.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó gbẹ́ ère onígi kan tí yóò máa dẹ́rù ba ẹyẹ, ó sì fi kóòtù rẹ̀ àtijọ́ àti fìlà rẹ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn ẹyẹ rí i, wọ́n bà lé fìlà náà, wọ́n sinmi. Àwọn èèyàn ni kò mọ̀ pé igi ni. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!” ni wọ́n ń kí i bí wọ́n ti ń kọjá. Ìyá Ìjọ, àgbà obìnrin inú ìjọ wa tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, dúró tì í, ó ń ròyìn orúnkún tó ń dùn ún fún un. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó mi orí.

“Bàbá yẹn ti yí padà o! Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Ìgbàgbọ́ ti ń wọ̀ ọ́ lára.”

Ọlọ́run ṣe é, oko náà so wọ̀ǹtìwọnti. Ìyá Télọ̀ se tòmátì àti ata pọ̀, ó rọ ọ́ sínú àwọn ìgò tí mo bá a tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn, ìgò pupa dúdú tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Ó dé wọn pinpin, ó tún kó wọn sínú ìkòkò omi gbígbóná kí ohun inú wọn má baà bàjẹ́. Ó gé ilá, ó sá a sórí ẹní. Nígbà tó yá, ó fi eérú àti epo tó ṣẹ́ kù se ọṣẹ olómi, ó fi koríko tó ń ta sánsán sí i, ó sì rọ òun náà sínú irú ìgò kan náà. Orin ló ń kọ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é. Kí n má purọ́ fún yín, inú ilé yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà. Èmi tí mo máa ń jẹun lójú pópó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi.

“Kí ló wá kù?” Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ béèrè. Ó ku kí a kọ orúkọ sára ìgò. Kíá, ó ti gbé ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun gẹ́ètì. Ó pín ìgò tòmátì sí èyí tí wọn yóò jẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti èyí tí wọn yóò jẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: OSE KINNI. OSE KEJI. Ó kàn dé ọ̀dọ̀ ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Télọ̀ se é, nítorí náà ó pín in sí ti ìsè àkọ́kọ́ àti ti ìsè kejì. Ó kọ ọ́: OSE KINNI. OSE KEJI.

Ìyá Télọ̀ wò ó. “Bàbá ọmọ mi, àwọn àmì rẹ̀ dà?”

“Àmì ti kí ni?”

“Ṣé ọṣẹ ni àbí ọ̀sẹ̀?”

“Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè kì í wá àmì kiri! Bí ojú bá ti rí i, ọkàn á ti mọ̀ ọ́n.”

“Ọkàn ta ni?”

“Tèmi!”

Ó kó gbogbo ìgò náà sórí pẹpẹ kan ṣoṣo, ó tò wọ́n bí ẹgbẹ́ akọrin.

Ọ̀sẹ̀ kejì náà gan-an ni Pásítọ̀ dé, òun àti Ìyá Ìjọ. Wọn kò pe èmi o. Mo ní mo wá wo bí irun Bàbá ṣe ń hù sí. Àga kò sí nínú ilé, nítorí pé Bàbá ti fi gbogbo àga ṣe ènì fún ẹni tó ra fìríìjì. Ìyá Ìjọ jókòó sórí àpótí ìránṣọ, Pásítọ̀ jókòó sórí àpò ẹ̀wà, èmi wà lórí ẹní. Bàbá bá rán ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ yá àga wá, ó so aṣọ ìdáná rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Láti oko dé inú àwo, Pásítọ̀, ọwọ́ èmi nìkan ni!”

Ìyá Télọ̀ tó ń jáde lọ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo eruku tó wà ní èékánná rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀wà ti wà lórí iná. Bàbá wọ ilé ìdáná, ó fa ìgò kan yọ tó kọ OSE KEJI sí lára. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Áà! Ẹ gbóòórùn ohun tí kò rí fìríìjì rí!”

Ó da gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi tó bá gbóná ń hó, ọṣẹ náà sì ń hó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi pè wọ́n, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

“Ó ń hó o!” ó kígbe láti ilé ìdáná.

“Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa,” Pásítọ̀ dáhùn láti pálọ̀. Kò fẹ́ ẹ̀wà tí kò jinná.

“Ó ti gbé ọmọrí!”

“Ògo ni fún Ọlọ́run!” ni Ìyá Ìjọ wí.

“Ó ti ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀!”

Pásítọ̀ wo ojú mi. Èmi wo àjà.

“Àgbà kì í wà ní ìdáná kí ìkòkò ó wọ́,” ni Bàbá wí bó ti ń gbé àwo bọ̀. Ohun funfun kan rú gègèrè sórí ẹ̀wà náà. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó bu ṣíbí kan, ó fi sẹ́nu. Ojú rẹ̀ yí. Pásítọ̀ ni, kò lè tu oúnjẹ ìgbàgbọ́ dànù, ó fi agbára gbé e mì.

“Kí… kí ni ẹ pe eléyìí?”

Bó ti ní “pe”, ìfófòó kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ó fò lọ sókè, ó bà lé dígí ojú rẹ̀, ó bẹ́. Ìyá Ìjọ fẹ́ pe Jésù, ìfófòó ló ń tò jáde. Èmi tí ebi ti ń pa bọ̀ láti ilé ti jẹ ju gbogbo wọn lọ. Ẹ má bi mí ní ohun tó jáde lẹ́nu tèmi.

“Oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà nìyẹn!” Bàbá Mo-Ti-Mọ̀ pariwo. “Ara yín ló ṣàjèjì sí i. Ẹ wò mí!”

Ó jẹ àwo tirẹ̀ tán, ó tún bu òmíràn. Ìfófòó bo ètè, ó bo àgbọ̀n, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Onígbàjámọ̀ ni mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọwọ́ mi ti ń wá abẹ nínú àpò kí n tó rántí pé oúnjẹ la wá jẹ.

Bí Ìyá Télọ̀ ṣe gbé àga wọlé nìyẹn. Ó wò wá yí ká.

“Ìgò wo lẹ dà sí i?”

“Èyí tí mo kọ ọ́ sí lára!”

“Ọ̀sẹ̀ kejì ni àbí ọṣẹ kejì?”

“Ohun tí mo kọ sí i náà ni!”

Ó wọlé lọ, ó gbé òfìfo ìgò náà jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ oníbàárà mi ni.”

Gbogbo wa yíjú sí Bàbá. Ẹnu rẹ̀ kún. “Mo…” ó bẹ̀rẹ̀. A dúró dè é. “Mo ti mọ̀,” ni ó wí, ìfófòó tó yọ tẹ̀ lé e sì tó orí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ kùn, ó dìde, ó sì sáré gba ọ̀nà ṣáláńgá lọ tòun taṣọ ìdáná. Ìkòkò tí yóò jẹ ọṣẹ, ẹnu baálé ló máa ń hó jù.

Pásítọ̀ nu ẹnu. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà kí inú àwọn ará ìjọ wa mọ́,” ni ó wí. “N kò mọ̀ pé bí Ọlọ́run ṣe máa gbà á nìyí.”

A rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ìjọ fi gbàgbé orúnkún. Ìyá Télọ̀ se ẹ̀wà mìíràn, ó mú ìgò tó tọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, oúnjẹ náà dùn! Tòmátì náà dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Pásítọ̀ dúpẹ́ kó tó jẹ ẹ́, ó tún dúpẹ́ lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán. Àánú Bàbá ṣe mí, nítorí mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ìró ṣíbí wa láti ibi tó wà, àmọ́ n kò tìtorí rẹ̀ dá ṣíbí dúró.

Nígbà tó di Sátidé, Pásítọ̀ kó wa lọ sí ilẹ̀ ìjọ. Akọ̀wé ìjọ ti ri pátákó mọ́lẹ̀ káàkiri, iṣẹ́ tí wọ́n fún kálukú sì wà lára tirẹ̀. Bàbá rí tirẹ̀ lókèèrè: ALABOJUTO EPO.

“Epo!” Ó fò sókè. “Èmi ni wọ́n fi gbogbo epo ìjọ lé lọ́wọ́!” Ó dọ̀bálẹ̀ fún Pásítọ̀, ó sáré relé, ó sì padà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì àti àrọ. “Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba epo, ẹ tò sẹ́yìn mi! Kò sí ọbẹ̀ tó ń dùn láìsí epo!”

Pásítọ̀ rọra gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọkọ́ rọ́pò.

“Èpò ni, Bàbá. Gbogbo èyí tó hù láti ibi tí ẹ dúró sí títí dé ògiri ọ̀hún yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù yín.”

“Kí ló dé tí ẹ kò fi àmì sí i?”

“Akọ̀wé fẹ́ fi sí i,” ni Pásítọ̀ dáhùn. “Èmi ni mo ní kó má yọnu, pé ẹ ti mọ̀.”

Bàbá wo ìhín, ó wo ọ̀hún, inú ń bí i. Ó na ọkọ́ sí pátákó ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko, níbi tí Ìyá Télọ̀ dúró sí. “Ti ìyàwó mi yẹn náà kò lámì! Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Ìyá Ìjọ tó wà nítòsí sún mọ́ pátákó náà, ó dì í mú, ó fẹjú, ó ń tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: OLORI OKO.

“O-ló-rí… ọ-kọ,” ni ó kà. “Olórí ọkọ!”

“Oko ni, Ìyá, olórí oko,” ni Pásítọ̀ wí. “Akọ̀wé, gbé ọ̀dà wá, ká tètè tún un kọ kó yéni.”

Ìyá Télọ̀ fi ẹ̀yìn bo pátákó náà.

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà,” ni ó wí. “Ìyá ti kà á dáadáa.”