Ẹja Méjìlá, Apẹja Mẹ́ta

Èmi Gbádégẹṣin, ọmọ Ọ̀yọ́, tíṣà ìṣirò ní Bàrígà, ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé wa pé èso ápù inú ìwé ìṣirò ni kì í jẹ́ kí ìbéèrè yé àwọn ọmọ. Mo ní ẹja ni kí á fi ṣe é, ẹja ni wọ́n mọ̀. Ọ̀gá ní kò burú, ṣùgbọ́n bí alábẹ̀wò ìjọba bá dé lọ́jọ́ Ajé tí àwọn ọmọ kò mọ̀ ọ́n, kí n máa di ẹrù mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kọ ìbéèrè mi sójú pátákó, mo sì ní kí Sabina, ọmọ apẹja kan létí ọ̀sà, dìde. Mo mọ̀ pé òun kò ní dójú tì mí.

"Apẹja mẹ́ta pa ẹja méjìlá. Wọ́n pín in dọ́gba. Mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

"Méjì, sà."

"Tún un kà dáadáa. Mélòó ni wọ́n pa?"

"Méjìlá, sà."

"Àwọn mélòó ló pa á?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ó wá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mélòó?"

"Méjì, sà."

Mo rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé. Mo ní ohun tí a bá pín, bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ padà, iye tí a pín náà ló gbọ́dọ̀ jáde.

"Méjì lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mélòó?"

"Mẹ́fà, sà."

"Mẹ́fà yòókù dà? Ta ló jí i?"

"Ẹnikẹ́ni kò jí i, sà. Ọkọ̀ gba ìpín kan, àwọ̀n gba ìpín méjì."

"Ọkọ̀ ń jẹ ẹja?"

"Ẹni tó ni ín ló ń jẹ ẹ́, sà. Bí ẹ kò bá fún ọkọ̀ ní tirẹ̀, lọ́la ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn lórí omi."

Mo yọ gíláàsì ojú mi, mo ń nù ún. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja kò kọjá inú ọbẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ níyẹn?"

"Bàbá mi, sà. Apẹja mẹ́ta, ọkọ̀ kan, àwọ̀n méjì, ìpín mẹ́fà ni. Méjìlá pín sọ́nà mẹ́fà, méjì. Méjì lọ́nà mẹ́fà, méjìlá."

Ohun tí mo ti fi oṣù méjì pariwo lé wọn lórí ló kà sí mi létí yẹn, láì wo pátákó. Inú mi dùn, ojú sì tì mí.

"Sabina, mẹ́rin ni ìdáhùn tí mo ti kọ ránṣẹ́ sí alábẹ̀wò. Jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Ajé, sọ pé mẹ́rin."

"Bàbá mi á gbọ́, sà. Wọ́n á ní mo ti di olè."

Mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹja rẹ́ lójú pátákó. Mo padà sídìí ápù, bí ajá tó padà sí èébì rẹ̀.

"Ápù méjìlá, ọmọ mẹ́ta."

"Mẹ́rin, sà."

"Kò sí ìpín ọkọ̀ níbẹ̀? Kò sí ti agbọ̀n?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tí ti ápù fi yá tó báyìí?"

Ó rọra wò mí, bí ẹni tí kò fẹ́ rí tíṣà rẹ̀ fín.

"Àti ẹ̀yin àti èmi, sà, kò sẹ́ni tó rí ibi tí wọ́n ti ń ká a rí."