Báàgì Mummy Lórí Òkè Oníná

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí mo gbé báàgì ìyá àfẹ́sọ́nà mi gun òkè oníná kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ rọra rẹ́rìn-ín, torí ikùn mi ṣì ń ta mí bí mo bá ti rántí.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Rye Lane, ní Peckham. Mummy Tóyìn, ìyá ọmọge tí mo fẹ́ fẹ́, ń ta òrí, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ní ọjà Deptford, wọn ò sì rí tèmi rò rárá. Wọ́n ní gbogbo àwa tá à ń tún fóònù ṣe, ẹnu dídùn nìkan la ní. Bí ọ̀rọ̀ bá le díẹ̀, a ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí Tóyìn wá fẹ́ gbé wọn lọ ṣọjọ́ ìbí wọn ní erékùṣù kan nílẹ̀ Spain, ó ní kí n tẹ̀ lé wọn. Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ wo òkè oníná, Tóyìn sùn padà sórí bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní orí ń fọ́ òun. Irọ́ gbuu!

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa lọ," ó wí fún mi lẹ́nu ọ̀nà. "Tí Mummy ò bá gbà fún wa lọ́sẹ̀ yìí, wọn ò ní gbà mọ́ láéláé."

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà aláwọ tó ń dán gbinrin, bíi pé ibi ìgbanisíṣẹ́ ni mò ń lọ. Bí a ṣe dé ẹnu bọ́ọ̀sì, mo gba báàgì lọ́wọ́ Mummy. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ni yóò máa wo ìyá ìyàwó kó gbé ẹrù níṣojú òun? Wọ́n gbé e fún mi, wọn ò tiẹ̀ kí mi pé o ṣeun.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marta ló ń mú wa káàkiri. Ó gbé máíkì, ó ní iná tó ṣàn jáde látinú ilẹ̀ láyé àtijọ́ ló tutù tó di gbogbo òkúta dúdú tí à ń wò, àti pé òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ìkankan lọ sílé, ì báà ṣe bíńtín. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mummy ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní tiwọn.

Abúlé kan la kọ́kọ́ dé. Gbogbo ilé ibẹ̀ funfun báláú, ilẹ̀kùn wọn sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ilẹ̀ oko wọn dúdú bí èédú, wọ́n gbẹ́ kòtò fún igi àjàrà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi òkúta ṣe ọgbà yí i ká kí afẹ́fẹ́ má baà dà á láàmú. Mò ń fi fóònù ya fọ́tò nígbà tí mo rí i tí Mummy bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n nàró, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Mú báàgì wá." Wọ́n kó nǹkan sínú rẹ̀, wọ́n fa síìpù rẹ̀ padà. Ṣé kí n wá yọjú wo inú báàgì ìyá ìyàwó ni? Èèwọ̀!

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú wa lọ sí ilé kan tí wọ́n kọ́ sábẹ́ ilẹ̀, nínú àwọn ihò ńláńlá tí iná fi sílẹ̀ nígbà tó ń hó bí ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n kun ilẹ̀ yàrá ní funfun, wọ́n to àga funfun yípo, igi kan sì gba òrùlé jáde lọ síta. Ilé yẹn rẹwà, ẹ má wulẹ̀ bi mí! Ṣùgbọ́n báàgì ti wúwo tó fi ń fà mí sẹ́yìn, ni mo bá forí sọ àpáta nínú ihò tóóró tó so yàrá pọ̀. Gbàà!

"Ìwọ ọmọ yìí, o kì í wo iwájú ni?" Mummy bi mí. Wọn ò dúró gba èsì, wọ́n tún ti ṣa nǹkan sọ́wọ́. "Mú báàgì wá."

Nígbà tí a fi máa dé òkè oníná gan-an, okùn báàgì ti ń gé mi léjìká, bàtà mi sì ti di aláìláwọ̀. Marta fi ṣọ́bìrì wa òkúta wẹ́wẹ́ láti inú ilẹ̀, ó dà á síwájú wa, ó ní ká fọwọ́ kàn án. Ó gbóná débi pé gbogbo wa jù ú nù. Lẹ́yìn náà ló da omi sínú ihò kan. Kò pẹ́ tí omi náà fi bú gbàmù jáde pẹ̀lú èéfín.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mummy fò mọ́ mi. Bàtà mi yọ̀, okùn báàgì já, òkúta dúdú sì tú jáde wàrà-wàrà sẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Òkúta tí a fi ń ha gìgísẹ̀ ni! Mummy ti rí ọjà.

"Ọ̀gá, ta ló ni báàgì yìí?" Marta bi mí, ojú rẹ̀ le. Mo wo Mummy. Mummy ń wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán, bí ẹni tó bá bọ́ọ̀sì mìíràn wá.

"Èmi ni mo ni ín," mo ní.

Ó ní òun gbọ́dọ̀ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ fún mi. Ẹ̀rù bà mí, ẹnu mi tí wọ́n ní ó dùn sì gbẹ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi tọ́ mi nílé wa ló kù: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọbìnrin náà. Orí òkúta gbígbóná tí Marta ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde ni mo dọ̀bálẹ̀ sí.

"Yéè! Mo gbé!" Mo fò dìde bí ìrẹ̀. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan ní kí n tún ṣe é kí òun lè fi fóònù ká a sílẹ̀.

"Yéè, ọmọ mi ò!" Mummy ló figbe ta, tí wọ́n ń da omi inú ike sí mi níkùn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni mo ṣà á, báàgì mi ni! Please, my daughter, n ò mọ̀!" Wọ́n ti kúnlẹ̀. Marta gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ó ní ká dá gbogbo òkúta padà sílẹ̀, ká má dán irú ẹ̀ wò mọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Mummy ń fi òrí pa mí níkùn níṣojú gbogbo ayé.

"Kí ló dé tó o fi ní ìwọ lo ni ín?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi, mà."

Wọ́n tún bu òrí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n wá rí wa." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láàárín bọ́ọ̀sì, wọ́n fa ṣẹ́ẹ̀tì mi. "Jókòó jẹ́ẹ́!"

Mo ti kọ́gbọ́n o. Mo ṣì ń gbé báàgì Mummy, ṣùgbọ́n mo máa ń bi wọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó gbé e kọ́ èjìká. Bí a bá sì dé ilé wọn ní Deptford báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ wò kí n tó dọ̀bálẹ̀. Tóyìn á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ojú á sì tì mí díẹ̀.

"Kápẹ́ẹ̀tì ni, ọkọ ọmọ mi," ni Mummy máa ń wí. "Kì í jóni."