Ọjọ́ Tí Mo Fi Gẹ̀ẹ́sì Ka Ọmọ Ọlọ́mọ

Ọjọ́rú kan wà tí n kò ní gbàgbé títí ayé mi, ọjọ́ tí mo rò pé èmi ni mo mọ̀wé jù láti Ìlá dé Òkè-Ìlá. Mo kúkú fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò bù mọ́ ọn.

Mo wà ní ọdún àṣekágbá níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlá nígbà náà. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan tí kò jìnnà, pé kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo lè ṣe tísà. TP la máa ń pè é. Ọ̀gá kan yóò wá lọ́jọ́ kan, yóò wò mí bí mo ṣe ń kọ́ni, yóò sì fún mi ní máàkì. Bí máàkì náà kò bá tó, odindi ọdún kan ni mo máa tún ṣe, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti sọ fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun ti di tísà tán.

Ẹ̀kọ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ti "many" àti "much". Ohun tó bá ṣe é kà, bí iṣu àti àga, "many" ni tirẹ̀. Èyí tí kò ṣe é kà, bí omi, iyọ̀ àti gàrí, "much" ni. Ó rọrùn lójú mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì mi ò gbà. Mo ní a kì í ka omi. Mùtíátù, ọmọbìnrin kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, nawọ́ sókè.

"Tísà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni mo pọn láàárọ̀ yìí. Mo kà á."

Mo ní ó dáa, a kì í ka gàrí. Ó ní kóńgò ni ìyá òun fi ń kà á. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo nu ojú mi, mo ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́rú, mo dá ọgbọ́n kan. Mo ní màá kó àwọn ọmọ lọ sí agboolé Ìyá Àgbà, níbi tí wọ́n to iṣu jọ sí, tí gàrí sì wà lórí ẹní, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tó ṣe é kà àti èyí tí kò ṣe é kà. Ìyá Àgbà ni ìyá tó dàgbà jù ní abúlé náà. Òun ló máa ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo wọn, kò sì sí ọmọ kan ní kíláàsì mi tí òun kò tíì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú gbé sókè rí nígbà tó wà ní ìkókó. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí a máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí a má tẹ gàrí òun mọ́lẹ̀.

Mo ka àwọn ọmọ lẹ́nu géètì: mẹ́tàlélógún. A fo odò kékeré tó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti agboolé, lórí òkúta, bàtà lọ́wọ́. Èmi ni mo ṣáájú, mo ń rìn bí kọmíṣánnà.

Iṣu lọ dáadáa. "How many yams?" Wọ́n kà á, wọ́n dáhùn. Mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn, mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ti yé wọn ni. Ibi tí mo ti ń sọ ti gàrí ni ewúrẹ́ kan ti gba ẹ̀yìn mi wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu dín "much" náà kù. Bí mo ṣe ń lé e, mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ àárín gàrí. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ìbòòji pariwo. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀kadà dúró lójúde, tí ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábíyá.

Mo ní kí n yára fi nǹkan gidi hàn án. Odó kan wà ní ìdojúdé nítòsí, mo gun orí rẹ̀, mo nawọ́ sí àwọn ọmọ, mo sì lọgun: "How many children are here?" Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí orí wọn níkọ̀ọ̀kan: "One! Two! Three!"

Ọ̀bẹ dúró lára ẹ̀gẹ́. Obìnrin kan ní, "Aúsùbílà!" Mo ti kà dé "twenty-three" kí n tó mọ̀ pé ariwo ti dákẹ́.

Ìyá Àgbà ò dìde níbi tó jókòó sí. "Tísà, kí lo ń ṣe yẹn?"

"Mò ń kà wọ́n ni mà."

"Ìyá rẹ ò sọ fún ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

Ìyá mi sọ fún mi. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Ìgbómìnà? Ohun tó tẹnu mi jáde ló ń dójú tì mí dòní. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kà wọ́n."

"Ṣé bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, kì í ṣe kíkà mọ́ ni?" Ó wá wo àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. "Mùtíátù dà?"

Mo ní, "Wọ́n pé mà. Mẹ́tàlélógún la kúrò nílé ẹ̀kọ́, mẹ́tàlélógún ló wà níbí."

"Mo ní Mùtíátù dà?"

Mo wolẹ̀ láti orí odó. Níparí ìlà ni ọmọ ọdún mẹ́rin kan dúró sí, ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ rárá, tí ẹ̀gẹ́ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni "twenty-three" mi. Odò ni mo kọ́kọ́ rántí.

N kò mọ bí mo ṣe kúrò lórí odó. Mo sáré, ọ̀gá mi gbé ìró sókè, òun náà sáré. A bá Mùtíátù lórí òkúta láàárín odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, ó ń sunkún. Bàtà rẹ̀ kan ti jábọ́, odò ti gbé e lọ, kò sì lè padà sílé láìní in. Mo gbé e kọ́ èjìká. Èmi náà ń sunkún, ẹ jẹ́ kí n má parọ́.

Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò kà wọ́n."

Ìyá Àgbà ń ṣa erùpẹ̀ kúrò nínú gàrí tí mo tẹ̀. "Ṣé ẹ máa ń ka eyín ẹnu yín láàárọ̀ ni? Bí ọ̀kan bá yọ, ahọ́n ò ní mọ̀?"

Ẹ̀rù obìnrin náà bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ìbáwí, ẹ̀rù ẹni tó rí ohun tó ju òun lọ. Èmi tí mo gun orí odó, orí ọmọ ni mo ń kà, n kò wo ojú ẹnì kankan. Òun jókòó sílẹ̀, gbogbo wọn ló rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, n kò sì bìkítà.

Mo yege, díẹ̀ ló kù kí n má yege. Ohun tí ọ̀gá mi kọ sísàlẹ̀ ìwé náà kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kó lọ mọ àwọn ọmọ rẹ̀." Láti ìgbà náà, bí mo bá kó ọmọ jáde, orúkọ ni mò ń pè, màá sì wo ojú ẹni tó bá jẹ́ mi. Àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ní mo ń fi àkókò ṣòfò. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ọmọge kan ní Ìlá, ó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mùtíátù ni. Ó ní, "Tísà, omi ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ní kò ṣe é kà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni, Mùtíátù. O ò parọ́."