Adójútòfò fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síwájú akọ̀wé ilé iṣẹ́ adójútòfò, ó gbé báàgì lé itan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa bímọ lókè òkun lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ti ní ìyá ò lè wọ̀lú láìní ìwé adójútòfò ìrìn àjò. Ilé iṣẹ́ kẹta tó máa yà lọ́jọ́ náà nìyí, orúnkún rẹ̀ sì ti ń bú u.

"Mà, ṣé ẹ ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀?"

"Tẹ́lẹ̀ kọ́, ọmọ mi. Mo ṣì ní in."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń kọ́ni níbi iṣẹ́. "Èwo ni, mà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àti orúnkún. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ ń lọ. Mi ò rẹ́ni fi wọ́n tì."

Akọ̀wé tẹ kọ̀ǹpútà títí, ojú rẹ̀ wá dà bí ti ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ìyá. "Òun nìyí, mà."

Ìyá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Nọ́ńbà fóònù ta nìyí?"

"Owó rẹ̀ ni, mà."

"Háà! Mo ti fẹ́ pè é. Ìwé ni mo ní kí o tà fún mi o, kì í ṣe bàálù."

"Èyí tó rọjú wà, mà. Ó pé dáadáa. Báàgì yín sọnù, a máa sanwó. Ẹ ṣubú níbi tí ẹ ti ń fi yìnyín ṣeré, a máa sanwó. Ẹ lóyún, oyún dà yín láàmú, a máa sanwó."

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí."

"A kì í wo ọjọ́ orí tó bá di ti oyún, mà."

"Ẹ mà láàánú o. Tí ẹ̀jẹ̀ mi bá wá ru ńkọ́?"

"Ìyẹn nìkan ni ò sí níbẹ̀."

"Ṣúgà?"

"Ìyẹn náà nìkan."

"Orúnkún?"

"Èwo nínú méjèèjì, mà?"

"Ọ̀tún."

"Ti òsì wà níbẹ̀."

"Ẹ kú oore. Tí mo bá ti ń ṣubú lọ, màá ní kí ilẹ̀ dúró ná, kí n wá òsì."

"Mà, ṣebí iṣẹ́ wa ni láti dójú ti òfò."

"Èmi lẹ dójú tì. Òfò ń bẹ lẹ́yìn yín níbẹ̀ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín."

Ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yí padà, òun gan-an ò mọ̀ pé ó máa yí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá kan tọmọ mi, ó di pé àlejò ló máa gbà á."

Akọ̀wé dorí kodò. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó ju oògùn kékeré kan sẹ́nu, ó fi omi lé e. Ìyá tẹjú mọ́ páálí rẹ̀.

"Oògùn yẹn, mo lò ó láàárọ̀ yìí. Ìwọ náà?"

"Ọdún mẹ́rin rèé, mà."

"O ò sì rìnrìn àjò rí?"

Akọ̀wé wo ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó kọ àdírẹ́sì sí i, ó tì í sábẹ́ ọwọ́ ìyá. "Òpópónà kejì, ilé alájà kan tó láwọ̀ ewé. Dókítà wọn á yẹ̀ yín wò, wọ́n á sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó ẹ̀ ò gani lára. Ibẹ̀ ni mo ti ra ìwé adójútòfò tèmi."

Ìyá ká ìwé náà sínú báàgì bí ẹni tó ń tọ́jú wúrà. "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ilé iṣẹ́ tìẹ wá ńkọ́, kí ni wọ́n ń fún ẹ níbí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, mà."